Ta Ni Yóò Jẹ́rìí sí Èsì?

Bí àsìkò concours, ìdánwò ìwọlé sí ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́, bá ti ń sún mọ́lé ní Lomé, ìbéèrè kan náà ni àwọn òbí máa ń gbé wá bá mi lọ́dọọdún. Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, àwọn ọmọ tó fẹ́ wọ ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ìlera ni mo sì ń kọ́ ní ìṣirò nílé mi lálaalẹ́: ẹni tó fẹ́ di nọ́ọ̀sì, ẹni tó fẹ́ di agbẹ̀bí, ẹni tó fẹ́ máa ṣiṣẹ́ ní yàrá àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Nígbà mìíràn a máa ń rí ọmọ tó ń múra sílẹ̀ de EAMAU láàárín wọn, ìyẹn ilé ẹ̀kọ́ àwọn ayàwòrán-ilé tí àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà onífaransé dá sílẹ̀ ní 1975, tó fìdí kalẹ̀ sí ìlú wa níhìn-ín. Àwọn òbí á ní: "Màmá, ṣé ó dáa kí wọ́n máa jẹ́ kí àwọn ọmọ mú calculatrice wọ inú ìdánwò?" Àwọn kan ń béèrè nítorí pé wọ́n fẹ́ mọ ohun tí òfin wí. Àwọn mìíràn ń béèrè nítorí pé nǹkan náà ń gún wọn lọ́kàn: àyè tí ẹ̀rọ bá bá ni wá, ṣé ẹ̀tọ́ ẹni ni?

Ti òfin kò ṣòro. Nínú ìdánwò àwọn onífaransé, òkè ìwé ìbéèrè ni wọ́n sábà máa ń kọ ọ́ sí bóyá wọ́n gba ẹ̀rọ tàbí wọn kò gbà á. Kí ọmọ ka ibẹ̀, kó sì pa á mọ́. Ti ẹ̀rí ọkàn ni ó yẹ ká jókòó tì. Èmi fara mọ́ ọn kí wọ́n gba ẹ̀rọ ìṣirò láàyè nínú ìdánwò tí ń mú ènìyàn wọ ilé ẹ̀kọ́ amọ̀ṣẹ́dunjú, níwọ̀n ìgbà tí ìdánwò náà bá ń wá ẹni tó lè dúró bí ẹlẹ́rìí lẹ́yìn èsì tó kọ sílẹ̀. Ẹ̀rọ lè bá wa rí èsì. Kò lè bá wa jẹ́rìí.

Ẹni tó ta kò mí jù lórí ọ̀rọ̀ yìí ni Alhájì kan ládùúgbò wa, tí ìdílé rẹ̀ ti pẹ́ ní Anagokomé láàárín àwọn Yorùbá tó ń ṣòwò ní Lomé. Láti kékeré ni ó ti há Kùránì sórí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Nígbà tó gbọ́ ohun tí mo ń sọ fún àwọn ọmọ, ó wá bá mi nílé. Ó ní: "Ìyá Nọ́ọ̀sì, ohun tí kò bá sí nínú ènìyàn kì í ṣe tirẹ̀. Bí ẹ bá gba ẹ̀rọ yẹn lọ́wọ́ ọmọ náà, kí ló kù? Ṣé ẹni tí kò ní nǹkan kan nínú ni ẹ fẹ́ fi ẹ̀mí aláìsàn lé lọ́wọ́?" Ó rán mi létí pé odidi súrà kan wà nínú Kùránì, Al-Mutaffifin, tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ègún lórí àwọn tó ń dín òṣùwọ̀n kù. Ó ní Ọlọ́run kò fi ọ̀rọ̀ iye ṣeré, nítorí náà kí ẹni tó ń wọn nǹkan fún ọmọnìkejì rẹ̀ mọ̀ ọ́n nínú ara rẹ̀.

Mi ò lè fọwọ́ rọ́ ọ̀rọ̀ yìí sẹ́yìn. Ẹni tó há ìwé mímọ́ sórí ti gba ohun tí owó kò lè rà: sùúrù, ìfaradà, àti ìmọ̀ tí iná kò lè jó. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọmọ tó mọ àtẹ ìsọdipúpọ̀ lórí. Ó máa ń rí nǹkan lára iye tí ẹlòmíràn kò rí. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí Alhájì fò kọjá. Ó gbà pé bí ọmọ bá fi bírò àti pépà ṣe ìṣirò, tirẹ̀ ni. Ta ló fún un ní ọ̀nà tó gbà ṣe é? Nọ́ńbà tí a fi ń kọ ìṣirò sílẹ̀ ti Íńdíà wá. Muhammad al-Khwarizmi ló kọ ìwé lórí bí a ṣe ń lò wọ́n ní Baghdad ní nǹkan bí ọdún 1,200 sẹ́yìn. Ọmọ Ítálì kan, Leonardo ti Pisa, kọ́ wọn lọ́dọ̀ àwọn Lárúbáwá ní Bejaia, ní ilẹ̀ Algeria òní, ó sì kọ ìwé tirẹ̀ ní 1202. Síbẹ̀, ní 1299, ẹgbẹ́ àwọn apààrọ̀ owó ní Florence fòfin de fífi àwọn nọ́ńbà náà kọ ìwé owó wọn. Ohun tí a wá ń pè ní "fi orí ara rẹ ṣe é" lónìí, òfin ti dè é rí.

Pínpín oní-ìlà gígùn tí a ń ṣe lórí pépà, ẹ̀rọ ni òun náà, èyí tí àwọn tó ti kú ṣe fún wa tí kò ní bátìrì. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń lò ó láìmọ ìdí tó fi ń ṣiṣẹ́. Bí ó bá jẹ́ pé ohun tí a bí mọ́ ẹni nìkan ni tẹni, kò sí ẹni tó ní ìṣirò kankan. Orí fúnra rẹ̀, gbígbà ni a gbà á. Olùkọ́ ló fi àtẹ ìsọdipúpọ̀ sí i, òbí ló san owó ilé ìwé, ẹlòmíràn ló ti ronú kan ọ̀nà náà kí a tó bí wa. Mo sọ fún Alhájì pé: "Ẹ dákun, Alhájì, kò sí ohun tí a ní tí a kò gbà. Ohun tí ènìyàn ṣe pẹ̀lú ohun tó gbà ni wọn yóò bi í."

Ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi ni mí, ṣùgbọ́n babaláwo ni bàbá bàbá mi ní Ṣakí, mo sì rí iṣẹ́ rẹ̀ nígbà tí wọ́n máa ń rán wa lọ lo ọlidé lọ́dọ̀ rẹ̀. Bí ó bá fẹ́ fi ikin dá Ifá, ikin 16 ni yóò kó sí àtẹ́lẹwọ́, tí yóò fi ọwọ́ kejì gbá wọn mú. Bí ó bá ku 1, yóò tẹ ojú 2 sínú ìyẹ̀rosùn. Bí ó bá ku 2, yóò tẹ ojú 1. Ó di ìgbà tí ojú náà bá pé lẹ́ẹ̀mẹjọ kí odù tó fara hàn. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí èrò bá pọ̀ níwájú ilé, ọ̀pẹ̀lẹ̀ ni yóò mú. Ojú 8 ló wà lára ẹ̀wọ̀n náà, 4 lápá ọ̀tún, 4 lápá òsì. Bí ó bá ti jù ú sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, odù ti yọ, ọ̀kan nínú 256. Iṣẹ́ ẹ̀ẹ̀mẹjọ di iṣẹ́ ẹ̀ẹ̀kan. Mi ò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé ọ̀pẹ̀lẹ̀ sọ bàbá di òpè. Ohun tí àwọn èèyàn bá wá kò sí lára ẹ̀wọ̀n. Ẹsẹ Ifá wà níkùn rẹ̀, ó ní láti mọ èyí tó kan ẹni tó jókòó síwájú rẹ̀, bí ó bá sì ti sọ ọ́ jáde, orúkọ rẹ̀ wà lórí ọ̀rọ̀ náà títí ayé. Nígbà tí ọ̀ràn bá wúwo, ó tún lè padà sí ikin. Àwọn baba wa ti yanjú ọ̀rọ̀ tí à ń jà lé lórí yìí: wọ́n gba ohun èlò tó yá, wọ́n sì fi ìdánwò awo sí ibi tí ohun èlò kò dé.

Ìyá mi, ní tirẹ̀, kò mọ̀wé rárá. Aṣọ ló ń tà ní Assigamé, ọjà ńlá Lomé, ó ń gbà á lọ́wọ́ àwọn ìyálọ́jà ńlá tí wọ́n ń pè ní Nana Benz. Odidi aṣọ kan jẹ́ yáàdì 12, pagne 6. Bí wọ́n bá fún un ní odidi kan ní 27,000 faransì CFA, kí a tó sọ pé kò burú, ó ti mọ̀ pé 4,500 ni pagne kọ̀ọ̀kan dúró lé, ó sì ti mọ iye tí yóò fi lé e. Nígbà tí ẹ̀rọ ìṣirò kékeré wọ ọjà, òun náà ra ọ̀kan. Ó ń lò ó fún oníbàárà tí kò gbọ́ Yorùbá, tí kò gbọ́ Mina, tí kò gbọ́ Faransé: yóò tẹ iye sí i, yóò yí ojú rẹ̀ sí oníbàárà, oníbàárà náà á tẹ tirẹ̀. Wọ́n á ná ọjà tán láìsọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n mo kíyè sí i pé kò sí ìgbà tí iye jáde lójú ẹ̀rọ náà tí kò kọ́kọ́ wò ó bí ẹni tó ń wo àlejò. Bí ó bá ti yàtọ̀ sí èyí tó wà lọ́kàn rẹ̀, yóò pa á, yóò tún un tẹ̀.

Ní oṣù Kìíní 1994, wọ́n dín iye faransì CFA kù. Ohun tí 50 CFA ń rà ní faransì ilẹ̀ Faransé di 100. Aṣọ tó ń ti Holland bọ̀ gbówó lórí lójijì. Ẹ̀rọ ìṣirò gbogbo tó wà ní Assigamé ló lè sọ iye di ìlọ́po méjì ní ìṣẹ́jú kan. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó lè sọ ẹni tí yóò ṣì lágbára láti rà á, oníbàárà tó yẹ kí a fi àwìn fún, tàbí aṣọ tó yẹ kí a fi sílẹ̀ fún ẹlòmíràn. Ìyá mi ni ó jókòó, tó rò ó, tó sì yàn. Nígbà tí àwọn kan nínú ẹgbẹ́ rẹ̀ kógbá sílé, ó ṣì wà ní ọjà. Orí rẹ̀ ló fi ṣe é, bẹ́ẹ̀ ẹ̀rọ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹni tó kọ́kọ́ ṣe ẹ̀rọ ìṣirò tó lókìkí nílẹ̀ Faransé jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin tí kò ju ọmọ ọdún 19 lọ, Blaise Pascal. Ní 1642 ni ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí rẹ̀, nítorí pé baba rẹ̀ ń bójú tó owó orí ní Rouen, iye tó ń rò sì pọ̀ jù. Àánú baba ló bí ẹ̀rọ náà. Pascal yìí kan náà ni ó wá fi ọ̀pọ̀ ìgbẹ̀yìn ayé rẹ̀ ronú lórí Ọlọ́run àti ọkàn ènìyàn, tí wọ́n tẹ ìwé èrò rẹ̀ jáde ní 1670 lẹ́yìn ikú rẹ̀. Nínú àwọn èrò tó kọ sílẹ̀, ó mẹ́nu kan ẹ̀rọ ìṣirò. Ó yìn ín gan-an, ó gbé iṣẹ́ rẹ̀ súnmọ́ ti ìrònú, ṣùgbọ́n ó kọ̀ láti gbà pé ó ní ìfẹ́ inú. Ẹni tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é ló sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí kò bá ní ìfẹ́ inú kò lè yàn, ohun tí kò lè yàn kò lè jẹ̀bi, ohun tí kò lè jẹ̀bi kò sì lè jẹ́rìí.

Ẹ jẹ́ kí n gbé e wá sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn aláìsàn. Ọmọ kan wọn kílò 12, ara rẹ̀ gbóná. Parasitamọ́ọ̀lù, mílígíráàmù 15 ni fún kílò kọ̀ọ̀kan. Ìyẹn jẹ́ 180. Síróòpù tó wà lọ́wọ́ ní mílígíráàmù 24 nínú mílílítà kan. Ìyẹn jẹ́ mílílítà 7.5. Nígbà tí mo ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, akẹ́kọ̀ọ́ kan mú ìwé wá fún mi ní ilé ìwòsàn kan, ó ti kọ 75 síbẹ̀. Orí pépà ló ti ṣe é, pẹ̀lú bírò, láìsí ẹ̀rọ kankan. Àmì kékeré tó ya 7 sọ́tọ̀ kúrò lára 5 ló sọnù. Mi ò bá a tún ìṣirò náà ṣe. Mo ní: "Ọmọ mi, ṣíbí kékeré mélòó nìyẹn?" Mílílítà 5 ni ṣíbí kékeré. Ó rò ó wò, ó rí i pé ṣíbí 15 ni òun fẹ́ dà sẹ́nu ọmọ ọdún méjì. Ojú rẹ̀ yí padà. Láti ọjọ́ yẹn, kò gbé iye kan wá fún mi mọ́ láìkọ́kọ́ rí i nínú ṣíbí.

Bí wọ́n bá ti fòfin de ẹ̀rọ ní gbogbo ayé, àṣìṣe yẹn ì bá ṣì wáyé. Ohun tó lè dá a dúró ni ẹni tó mọ̀ pé ẹnu ọmọ ni iye yìí ń lọ. Bí nọ́ọ̀sì bá fún aláìsàn ní oògùn tán, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀, ó ń fọwọ́ sí i. Kò sí ẹ̀rọ tó ń fọwọ́ síwèé. Nígbà tí mo sọ èyí fún Alhájì, mo padà sí súrà tó kà fún mi. Mo ní: "Alhájì, ẹni tó di òṣùwọ̀n mú ni ègún yẹn bá wí. Òṣùwọ̀n fúnra rẹ̀, Ọlọ́run ò bi í ní nǹkan kan." Ó dákẹ́ díẹ̀, lẹ́yìn náà ó ní òun yóò rò ó.

Àwọn tó ń ṣètò ìdánwò ní ilẹ̀ mìíràn kò tíì fẹnu kò. Ní Amẹ́ríkà, MCAT tí ń mú ni wọ ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn kò gba ẹ̀rọ ìṣirò rárá. Ìdánwò àwọn tó fẹ́ di oníṣègùn eyín gbà á ní apá ìṣirò. SAT tí ń mú ni wọ yunifásítì gbà á láti 1994. GRE, ti àwọn tó fẹ́ kàwé sí i lẹ́yìn oyè àkọ́kọ́, fi ọ̀kan sójú kọ̀ǹpútà láti 2011. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, UCAT tí àwọn tó fẹ́ kọ́ ìṣègùn ń ṣe ní tirẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà. Ní Nàìjíríà, níbi tí àwọn ìbátan wa wà, ọmọ tó bá ń ṣe UTME, ìdánwò ìwọlé sí yunifásítì, ní wákàtí 2 láti dáhùn ìbéèrè 180. JAMB, àjọ tó ń ṣètò rẹ̀, kò gbà kó mú ẹ̀rọ tirẹ̀ wọlé, àmọ́ kékeré kan wà lójú kọ̀ǹpútà tí gbogbo wọn ń lò.

Nínú gbogbo wọn, ọ̀nà ti JAMB ni mo yàn, nítorí ọ̀rọ̀ ìdájọ́ òdodo. Mo ti rí ọmọ tó jókòó sí tábìlì mi pẹ̀lú ẹ̀rọ olówó ńlá tó ń ya àwòrán, tó ń pa ìlànà mọ́ sínú, tí ẹni tó jókòó tì í sì ń yá ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí bọ́tìnnì méjì ti kú lára rẹ̀. Bí àwọn méjèèjì bá wọ ìdánwò bẹ́ẹ̀, a ti dín òṣùwọ̀n kù kí ẹnikẹ́ni tó kọ nǹkan kan. Kí ilé ẹ̀kọ́ pèsè ẹ̀rọ kan náà fún gbogbo ọmọ, èyí tó rọrùn, tó ń ròpọ̀, tó ń yọ kúrò, tó ń sọ di púpọ̀, tó ń pín. Ìyẹn tó. Bí owó ẹ̀rọ bá nira, kí wọ́n gbà á padà lọ́wọ́ wọn lópin ìdánwò, kí wọ́n sì kó o pa mọ́ de ọdún tó ń bọ̀.

Lẹ́yìn náà, kí ìbéèrè yí padà. Ìdánwò tó bá ń bi ọmọ ní 347 lọ́nà 28 nígbà tí ẹ̀rọ wà lọ́wọ́ rẹ̀ ń fi àkókò ṣòfò. Bí ẹ̀rọ kò bá sì sí, ó ń wọn bí ọwọ́ ṣe yá tó. Ohun tí mo ń ṣe pẹ̀lú àwọn ọmọ lálẹ́ rọrùn. Mo fún wọn ní ìbéèrè: omi mílílítà 500 gbọ́dọ̀ wọ ara aláìsàn ní wákàtí 4; ìkán 20 ni mílílítà kan; ìkán mélòó ni láàárín ìṣẹ́jú kan? Kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan ẹ̀rọ, ó gbọ́dọ̀ kọ ìfojúdá tirẹ̀ sílẹ̀. Ọmọ tó ti lóye á sọ pé: 125 ni wákàtí kan, ìdá mẹ́ta rẹ̀ ni ìkán ìṣẹ́jú kan, torí pé 20 jẹ́ ìdá mẹ́ta 60, ó ti súnmọ́ 42. Nígbà náà ni yóò tẹ ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ á sọ 41.67. Èmi á wá béèrè pé: "Ṣé o lè ka ìdá ìkán kan? Èwo ni wàá ṣe?" Yóò kọ 42, yóò sì kọ gbólóhùn kan sábẹ́ rẹ̀ láti sọ ìdí tó fi fọkàn tán an. Gbólóhùn yẹn ni mo ń fún ní máàkì jù. Ìfojúdá àti gbólóhùn yẹn, ẹ̀rọ kò lè bá a kọ ọ́, ìyẹn gan-an ló sì ń fi ẹni tí a lè fi ẹ̀mí ènìyàn lé lọ́wọ́ hàn.

Àwọn kan bẹ̀rù pé àwọn ọmọ á dọ̀lẹ. Ẹ̀rù náà ní ìdí. Ọmọ tí kò mọ àtẹ ìsọdipúpọ̀ kò lè fojú dá nǹkan kan. Ohun tó bá jáde lójú ẹ̀rọ ni yóò gbà gbọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ṣíbí 15. Nítorí náà, ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, kí ẹ̀rọ jìnnà sí wọn, kí wọ́n há a sórí, kí wọ́n máa kà á lórin. Alhájì tọ̀nà níbẹ̀, mo sì ti sọ fún un pé kí ó máa bá wa kọ́ àwọn kékeré ní àdúgbò bí wọ́n ṣe ń há nǹkan sórí, torí kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n jù ú lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti tó ọmọ ọdún 19, tó ti gba BAC, ìwé ẹ̀rí ilé ìwé gíga, tó ń bẹ̀bẹ̀ kí a jẹ́ kó wọ iṣẹ́ tí ẹ̀mí wà nínú rẹ̀, ohun mìíràn ni ó yẹ kí a wá lára rẹ̀.

Sí àwọn òbí tó ń bi mí bóyá àyè tí ọmọ wọn fi ẹ̀rọ gbà jẹ́ tirẹ̀: yóò jẹ́ tirẹ̀ bí ó bá lè dúró níwájú olùkọ́, níwájú aláìsàn, níwájú Ọlọ́run, kó sọ pé, "Èmi ni mo kọ iye yìí, mo mọ ìdí rẹ̀, bí ó bá sì ṣe àṣìṣe, ọwọ́ mi ni kí ẹ ti béèrè." Ẹni tí kò bá lè sọ ọ́, ì báà fi bírò, ì báà fi ẹ̀rọ, ì báà fi orí gbígbóná rò ó, kò tíì yẹ. Sí àwọn tó ń ṣètò concours ní ìlú wa: ẹ gba ẹ̀rọ láàyè, kan náà fún olówó àti tálákà, kí ẹ sì kọ àwọn ìbéèrè tí yóò mú kí ọmọ fi orúkọ ara rẹ̀ dúró lẹ́yìn iye tó kọ. Àwọn tó bá yege irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ kó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn mi ní ọjọ́ tí èmi náà bá di aláìsàn.